Orúkọ Tí A Ó Pe Iṣẹ́ Tí A Kò Ṣe

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn ní Nàìjíríà kọ̀ láti wọ ibi iṣẹ́. Ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Wọ́n ní kí ìjọba amúnisìn fi ìdajì lé owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ń gbà nítorí ọ̀wọ́n ọjà náà. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Michael Imoudu, ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù. (Ọmọ Ora ni, nítorí náà n kò fi àmì ohùn Yorùbá sórí orúkọ rẹ̀.)

Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìtàn yìí, ohun tí wọ́n ṣe ni n kò mọ bí n ó ti pè. Àwọn kan ń kọ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bínú sí ni a ń yàn lódì, ta ni ó sì bínú sí iṣẹ́? Awakọ̀ ojú irin kò bá ọkọ̀ rẹ̀ jà. Ẹni tí ń san owó fún un ni wọ́n jọ ní gbólóhùn asọ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni mo yàn, nítorí pé ohun tí ojú rí nìkan ni ó sọ. Síbẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Da iṣẹ́ sílẹ̀ ni, láti ara dà, tí ohùn rẹ̀ ń di ti àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí a bá ṣèèṣì kọ ọ́ ní dá, a ti sọ Imoudu àti àwọn ènìyàn rẹ̀ di olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́.

N kò kọ lébìrà fún gbogbo wọn. Akọ̀wé wà láàárín wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà.

Ti Enugu ni ó le jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà èédú Iva Valley kò tilẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́pàá wá kó ohun abúgbàù kúrò níbẹ̀, ìbọn sì dún. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, rúkèrúdò ni wọ́n fi sínú orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìpakúpa. Hubert Ògúndé, tí ó ti ṣe eré Strike and Hunger ní 1945, tún ṣe Bread and Bullet lórí ti Enugu yìí; eléré kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àìgbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Èmi fẹ́ dúró láàárín. Mo kọ ọ́ pé: “Awakùsà 21 kú ní Iva Valley.” Mo kà á, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ọjọ́ kejì mo tún un kà, ó sì dà bí ẹni pé àìsàn ni ó pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ti fi ẹni tí ó yìnbọn pa mọ́. Mo fa igi lé e, mo sì kọ ọ́ báyìí: “Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley.”