Máàkì Mélòó Ló Ń Ti Ọmọ Mọ́lé?

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1964, àwọn agbófinró lọ mú ọmọkùnrin ẹni ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Gerald Gault nílé àwọn òbí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe obìnrin aládùúgbò kan lórí fóònù, wọ́n sì sọ ìsọkúsọ sí i. Ibi iṣẹ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé sílẹ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wọn. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́ tí kò bá a nílé ló rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó lọ wá a. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ti wà ní àtìmọ́lé.

Wọ́n tì í fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dé iwájú adájọ́, kò ní agbẹjọ́rò, obìnrin tó fẹjọ́ sùn kò sì yọjú rárá. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti adájọ́ yìí tún wá yàtọ̀, torí olùfisùn gan-an kò wá rojọ́! Ó ní kí wọ́n fi Gault sí ilé ìtúnwàṣe títí tí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Ọdún mẹ́fà nìyẹn o. Ká ní àgbàlagbà ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù, owó ìtanràn dọ́là 5 sí 50 ni òfin là sílẹ̀ fún un, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù méjì lọ.

Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò sí àlàyé kankan nínú rẹ̀ nípa ìdí tí wọ́n fi ti ọmọ náà mọ́lé ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ìdájọ́. Kò sì sí àlàyé nípa ìdí tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ẹnì kan ṣáà wo ojú ọmọ, ó ní kí wọ́n tì í. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa lọ. Ó tán. Ọ̀rọ̀ ìdí tí kò sí nínú ìwé yìí ni mo fẹ́ ká jọ tọpa rẹ̀ lónìí, torí òun ló bí àwọn ìwé máàkì tí wọ́n ń lò láti pinnu bóyá kí ọmọ sùn sílé tàbí sí àtìmọ́lé.

Báwo ni adájọ́ ṣe rí irú agbára bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sí Chicago. Kó tó di 1899, inú ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọdé àti àwọn àgbà ọ̀daràn sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin bíi Lucy Flower àti Julia Lathrop ló jà fitafita títí ìpínlẹ̀ Illinois fi ṣe òfin tuntun, tí ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sì ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù keje ọdún náà. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: ilé ẹjọ́ yóò dà bí òbí fún ọmọ tó ṣìnà. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, ẹ má fi ìyà àgbà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òbí kì í gba agbẹjọ́rò fún ọmọ kó tó bá a wí, kì í sì í kọ ìdí tó fi bá a wí sínú ìwé. Tí òbí ọ̀hún bá wá ṣi ọwọ́ nà, ta ló máa bi í?

Ní 1967, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn. Wọ́n ní ọmọdé náà lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn fún òun àti òbí rẹ̀ lásìkò, ó lè bi olùfisùn ní ìbéèrè, ó sì lè panu mọ́ tó bá wù ú. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Àmọ́ ọjọ́ ìdájọ́ ni gbogbo ìyẹn wà fún. Àwọn òru tó ṣáájú ọjọ́ ìdájọ́ ńkọ́? Ní 1984, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti New York, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ní kò sí ohun tó burú bí adájọ́ bá ti ọmọ mọ́lé ṣáájú ìgbẹ́jọ́ torí ó rí i pé ewu ńlá wà pé ó lè tún dá ọ̀ràn. Adájọ́ mẹ́fà fara mọ́ ọn, mẹ́ta kọ̀. Ìbéèrè tó kù wá ni pé: kí ni èèyàn máa wò tí á fi mọ ohun tí ọmọ máa ṣe lọ́la?

Àwọn kan ti ń wá ìdáhùn sí i tipẹ́. Ní 1928, ọ̀jọ̀gbọ́n Ernest Burgess ní University of Chicago gba àkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin 3,000 tí wọ́n tú sílẹ̀ kí ẹ̀wọ̀n wọn tó pé ní Illinois. Ó to ohun 21 sílẹ̀ nípa wọn, ó wo èwo ló bá ìwà rere lọ, èwo ló bá ìwà burúkú lọ, ó sì fún oníkálukú ní máàkì. Lára ohun tó kà ni irú ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn dá àti àdúgbò tó ń gbé. Kò burú. Ó tún ka orílẹ̀-èdè tí bàbá rẹ̀ ti wá, àti bóyá aláìníláárí ni. Ṣé ẹ rí i? Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ojú wíwò ti bá nọ́ńbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé gbóná ní Broward, agbègbè tí Fort Lauderdale wà ní Florida. Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, ilé àtìmọ́lé àwọn ọmọdé níbẹ̀ kún àkúnya débi pé wọ́n gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Àjọ Annie E. Casey Foundation bá wọn dá sí i. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé òṣìṣẹ́ tó ń gba ọmọ lẹ́nu ọ̀nà kò ní dá pinnu mọ́. Ìwé kan máa wà níwájú rẹ̀ tí á máa kún. Láàárín ọdún mélòó kan, iye ọmọ tó ń sùn ní àtìmọ́lé níbẹ̀ dín kù ju ìdajì lọ.

Ìwé yìí kò le rárá. Ẹ̀sùn tó gbé ọmọ dé ní máàkì tirẹ̀. Ẹjọ́ tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀. Bóyá ó ti sá fún ilé ẹjọ́ rí, bóyá ó wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rò pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Florida, ọmọ tó bá gba 0 sí 6 ń lọ sílé. Ẹni tó gba 7 sí 11 máa wà nílé lábẹ́ ìṣọ́. Tó bá ti di 12, ó di inú àtìmọ́lé.

Ẹ wá fi ti Gault wò ó. Ìsọkúsọ lórí fóònù kò ní gba máàkì tó pọ̀. Àmọ́ ó ti wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́ nígbà náà, torí pé wọ́n bá a pẹ̀lú ọmọ mìíràn tó jí pọ́ọ̀sì owó nínú báàgì obìnrin kan. Ìwé máàkì á ka ìyẹn sí i lọ́rùn. Kò ní béèrè bóyá òun gan-an ló jalè. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ á rí ohun kan tí kò rí ní 1964: bébà tó lè fọwọ́ tọ́ka sí, kó ní, máàkì yìí kò tọ́ sí ọmọ mi.

Irú ìtọ́ka yìí ló yí nǹkan padà ní Multnomah, agbègbè tí Portland wà ní ìpínlẹ̀ Oregon. Wọ́n wà lára àwọn tó tẹ̀ lé ètò tí Casey gbé káàkiri láti 1992. Wọ́n yẹ ìwé wọn wò ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí ọ̀kan tó ń béèrè bóyá ọmọ wá láti ìdílé tó dúró dáadáa. Kí ló ń jẹ́ ìdílé tó dúró dáadáa? Bàbá àti ìyá lábẹ́ òrùlé kan ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa rò. Ọmọ tí ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ ń tọ́, ó ti pàdánù nìyẹn. Wọ́n yọ ìbéèrè náà kúrò, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: ṣé àgbàlagbà kan wà tó ṣe tán láti rí i dájú pé ọmọ yìí dé ilé ẹjọ́? Ní Chicago ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣí àwọn ibùdó tí àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn wà láàárín méjì á máa wà láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣe ohun tó nítumọ̀, wọ́n á sì lọ sùn sílé.

Àbùkù kò ṣàì sí. Ìwé máàkì ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá ti ba ọmọ, ọwọ́ ọlọ́pàá kì í sì í dé gbogbo àdúgbò bákan náà. Àwọn ọmọ méjì lè ja irú ìjà kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ méjì. Èyí tí ọlọ́pàá ń dúró lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ló máa ní ẹjọ́ lọ́rùn. Òṣìṣẹ́ náà tún láṣẹ láti kọjá máàkì, kó ti ọmọ tó yẹ kó lọ sílé mọ́lé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ka iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú wíwò ti gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé. Lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní àhámọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà lé ní 100,000 ní ọdún 2000, wọ́n sì ti dín sí nǹkan bí 25,000 ní 2020. Ìwé máàkì nìkan kọ́ ló ṣe é, torí ìwà ọ̀daràn láàárín ọ̀dọ́ náà ti dín kù. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń wí yìí, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣì ń pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí ìtàn yìí tún padà sí ni Broward. Ní 2016, àwọn oníròyìn ProPublica yẹ máàkì àwọn àgbàlagbà tó lé ní 7,000 wò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló ń fún wọn ní máàkì nígbà náà, pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní COMPAS. Láàárín àwọn tí kò tún dá ọ̀ràn kankan, kọ̀ǹpútà ti pe nǹkan bí 45 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú ní eléwu. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, nǹkan bí 24 ni. Ilé iṣẹ́ náà ní irọ́ ni, pé ẹni tó bá gba máàkì kan náà, dúdú tàbí funfun, ìṣesí wọn kò yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wá fi hàn pé ẹjọ́ àwọn méjèèjì lè tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ka nǹkan sí òdodo ju ẹyọ kan lọ. Ìlú ló gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí aráàlú rí bí ìṣirò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àṣírí òwò wọn ni.

Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù. Ìwúlò ìwé máàkì fún àwọn ọmọ ni pé ó mú kí àgbàlagbà kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti lè kà á, kó sì ta kò ó. Ìdí nìyẹn tí Multnomah fi lè rí ìbéèrè tí kò dáa, tí wọ́n sì yọ ọ́. Tí nọ́ńbà bá wá ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí òbí, agbẹjọ́rò àti adájọ́ pàápàá kò lè ṣí wò, a ti padà sí alẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 1964 nìyẹn. Wọ́n á sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ gba 12. Tó bá wá béèrè pé kí ló ṣe tó fi gba 12, ó yẹ kí ẹnì kan lè dá a lóhùn.