Àwọn Bùkà Etíkun Tí Òkun àti Katapílà Kó Lọ

Bí ẹ bá dúró ní Ahmadu Bello Way ní Victoria Island lónìí, tí ẹ kọjú sí apá ibi tí òkun wà, òkun kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ilé gíga-gíga lẹ máa rí, àti títì gbọọrọ, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún. Eko Atlantic ni wọ́n sọ ọ́. Àwa tí a dàgbà sí Òbáléńdé mọ̀ pé apá ibẹ̀ la ti máa ń jẹ ẹja. Ẹ má rò pé àwàdà ni. A ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó níbẹ̀, ata ti gba ẹnu wa, omi ti bọ́ lójú wa, a sì tún ní kí wọ́n bù sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí ọtí ni wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ ní Bar Beach. Rárá o. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi tó wà lẹ́nu ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun ni àwọn Òyìnbó atukọ̀ ń pè ní “bar”. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó wọ́ọ́rọ́wọ́ láyé ọjọ́un. Kí ọkọ̀ lè rọ́nà gbà, ìjọba amúnisìn kó òkúta ńláńlá, wọ́n fi ṣe odi wọ inú òkun láàárín ọdún 1908 sí 1912. Odi ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ọkọ̀ wọlé. Àmọ́ yanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, èyí tó máa ń wá kún etíkun wa, kò rọ́nà kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí ìhà kejì, ní Lighthouse Beach, òkun sì ń jẹ tiwa níwọ̀n níwọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún 1958 nìjọba ti ń da yanrìn sí Bar Beach, tí òkun ń kó o lọ, tí wọ́n tún ń da òmíràn. Ẹni tó bá na tápólì rẹ̀ síbẹ̀ láti máa ta oúnjẹ, òkun ni onílé rẹ̀, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Ọjọ́ ọdún ni etíkun máa ń kún jù: ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá. A máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Òbáléńdé, a ó gba afárá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bonny Camp kọjá, bàtà wa á wà lọ́wọ́ kó má baà gbó kí ọdún tó parí. Tí a bá dé ibẹ̀, Mọ́là á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin, ayafọ́tò á máa pe èèyàn, àwọn aládùúrà nínú aṣọ funfun á tan àbẹ́là sínú yanrìn, wọ́n á máa lu agogo. Láàárín gbogbo wọn ni àwọn olóúnjẹ wà. Bùkà kan kò ní pátákó orúkọ. Igi mẹ́rin, tápólì kan, bẹ́ǹṣì méjì, àdògán, ó tán. Àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn tútù, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí iná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, súyà, akàn tí wọ́n fi ata sè nínú ìkòkò dúdú. Ẹ̀fúùfù òkun kì í jẹ́ kí oúnjẹ wà láìní yanrìn. A ti mọ̀ ọ́n jẹ pẹ̀lú yanrìn. Ẹni tó bá ń ṣa yanrìn kúrò lára àgbàdo, a mọ̀ pé àlejò ni.

A ò ní pa á mọ́ fún yín pé ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti máa ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè níṣojú gbogbo ayé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971. A ò tíì gbọ́njú nígbà náà. Àwọn àgbà àdúgbò wa tí wọ́n lọ wòran sọ fún wa pé àwọn kan ra gúgúrú àti ẹ̀pà dání. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa adùn Bar Beach, gbogbo wa máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ padà.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni kẹ́nkẹ́. Àwọn obìnrin Gánà ló ń tà á, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n dín títí tó fi gan, egungun rẹ̀ gan-an ṣeé jẹ. Kẹ́nkẹ́ jọ ẹ̀kọ lójú, ṣùgbọ́n ó kan díẹ̀, ó sì le ju ẹ̀kọ lọ. Ata dúdú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n á lọ edé gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ, wọ́n á dín in pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti tòmátò nínú òróró púpọ̀, lórí iná tí kò le, títí gbogbo rẹ̀ á fi dúdú bí aró. Bí wọ́n bá kán iná, ó jóná nìyẹn, á sì korò. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, wọn ò sì fún wọn ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mọ báàgì alágbàáǹgbá tí a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ọmọdé ni wá, a ò mọ ohun tí ìjọba ń jẹ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé a lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú owó wa lọ́wọ́, a sì bá eérú lójú àdògán. Ọ̀kan nínú wa sunkún. Ó ṣì máa ń jiyàn pé yanrìn ló kó sí òun lójú.

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni Ìyá Ẹlẹ́ja. A ò mọ orúkọ mìíràn fún un, ìtìjú lèyí sì jẹ́ fún wa, nítorí a jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ará Ìlàjẹ ni. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń pẹja, òun ló ń yan án. Kúta ló fẹ́ràn jù, bí kò bá sí kúta a jẹ́ pé krókà. Ẹja náà kì í ti inú yìnyín wá. Yóò ha ìpẹ́ rẹ̀, yóò la ikùn, yóò fi ọ̀bẹ kọ ọ́ lára lẹ́ẹ̀mẹta lápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹta lápá òsì. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fún sí i, yóò fi iyọ̀ pa á, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí ọlọ ló ti ń lọ ata rodo, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti áyù, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rọ máa ń sọ ata di omi. Ohun kan tún wà nínú ata yẹn tó máa ń gba imú lọ. Àwọn kan nínú wa ní ìyèré ni, àwọn yòókù ní ẹ̀ẹ̀rù ni. Yóò ki ata náà bọ ojú ọ̀bẹ, yóò tẹ́ ẹja sórí wáyà, yóò máa fi ìyẹ́ adìẹ tó rì sínú òróró ẹ̀pà pa á lára. Kì í yí ẹja padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí o bá sún mọ́ iná láti bá a yí i, á fi ìyẹ́ náà gbá ọ lọ́wọ́.

Nígbà tí a bi í bó ṣe ń ṣe é, ó dáhùn pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ojú la fi ń wò ó. Ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ wò ó.” A ò jókòó. Ebi ló ń pa wá, bọ́ọ̀lù ló ń pè wá, nígbà tó sì yá, àwọn ọmọge ni.

Máróko ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ ń gbé. Nígbà tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Máróko ní oṣù keje ọdún 1990, ó pẹ́ kí a tó tún rí i. Nígbà tó máa padà, òkun ti jẹ Bar Beach wọnú, omi ti ń kọjá sórí títì Ahmadu Bello, ó sì sún lọ sí apá Kuramo pẹ̀lú àdògán rẹ̀ àtijọ́. Kuramo kì í ṣe ibi tí ìyá èèyàn máa fẹ́ kó lọ, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọtí wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, aṣẹ́wó wà níbẹ̀. Ẹja náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dùn bó ṣe máa ń dùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ru sókè lówùúrọ̀, ó gba àwọn ahéré náà kọjá, ó gbé èèyàn lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba kó katapílà wá, wọ́n wó ohun tó ṣẹ́kù. A wá a. Àwọn kan ní ó wà ní Ìlàjẹ ní Bàrígà. Àwọn kan ní ó ti padà sílé, sí Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilé àti ọ̀nà rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló lọ lóòótọ́, a jẹ́ pé òkun kan náà ló tún bá nílé.

Ọ̀rẹ́ wa obìnrin kan, ọmọ Pópó Àgùdà, máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó láyé ẹrú, oúnjẹ wọn ò sì sọnù. Wọ́n ṣì ń se ìmóyò: ẹja tútù, tòmátò, àlùbọ́sà, ata, òróró, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, wọ́n á sì fi omi ẹja yẹn te ẹ̀bà. Wọ́n ṣì ń se fréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá fi omi àgbọn àti kànáfùrù sè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, kò sí ilé Àgùdà tí wọn kì í gbé abọ́ fréjọ̀n jáde fún aládùúgbò. Ó ní, “Ọdọọdún ni Good Friday ń dé. Ọjọ́ wo ni ti ẹja yín?” Ó mú wa lóòótọ́. Fréjọ̀n ní ọjọ́ tó ń pè é, ó ní ìyá àgbà tó máa bínú bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀. Ẹja Ìyá Ẹlẹ́ja ò ní ju ebi wa lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tì wá ní 2019. A pé jọ sẹ́yìnkùlé ọ̀kan nínú wa ní Ṣúrùlérè, a ra kúta mẹ́rin, a lọ ata lórí ọlọ, a wá ìyẹ́ adìẹ. Ẹja àkọ́kọ́ kò dára. Èkejì dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. A fi ìyèré sí ìkẹta, kàkà kó jọ ọ́, ọbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun ló rán wa létí. Ìgbà tí a ti ń palẹ̀ mọ́ ni ẹni tó sunkún kẹ́nkẹ́ lọ́jọ́sí bi wá pé kí ni Ìyá Ẹlẹ́ja fi ń dáná. Èédú la fi dáná tiwa. Gbogbo wa dákẹ́. Èèpo àgbọn ni! Òkìtì rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn bùkà, èyí tí àwọn alágbàdo àti alágbọn bá dànù lòun máa ń ṣà. Lójoojúmọ́ la ń jókòó lé e, tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá a. A ti jiyàn ìyèré àti ẹ̀ẹ̀rù fún ọdún méje gbáko, a ò rántí iná.

Ní ọdún 2024, wọ́n wó àwọn ilé oúnjẹ etíkun Landmark, nítorí títì etíkun tó máa lọ láti Èkó dé Calabar, tí wọ́n ní gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà. Ariwo sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì yẹ kó sọ, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a lọ. Àwọn ilé oúnjẹ yẹn ní pátákó orúkọ, wọ́n ní àwòrán lórí fóònù àwọn oníbàárà wọn. Àwa wá inú gbogbo àpótí fọ́tò ilé wa, a rí ara wa lórí ẹṣin, a rí ara wa nínú ṣòkòtò ọdún pẹ̀lú òkun lẹ́yìn wa. Nínú ọ̀kan, èéfín wà lápá òsì, àti ọwọ́ obìnrin kan tó di ìyẹ́ adìẹ mú. Ayafọ́tò gé ìyókù rẹ̀ kúrò.

Àjíǹde tó kọjá, a tún yan ẹja náà, èèpo àgbọn la fi dáná. Èéfín wọ ilé onílé, aládùúgbò pariwo lé wa lórí, a bẹ̀ ẹ́, a gbé ìrù ẹja kan fún un. Ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, ó bi wá pé ṣé ó kù.