Líìgì Àgbà Bọ́ọ̀lù Àwọn Obìnrin Nàìjíríà

Èyí ni líìgì tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àwọn obìnrin ní Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990. Mercy Akide gbá bọ́ọ̀lù fún Pelican Stars ti Calabar kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Láti Rivers Angels ti Port Harcourt ni Asisat Oshoala ti lọ sí Liverpool ní 2015. Irú wọn ni òpó Super Falcons, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá ní 2025. Ṣùgbọ́n owó tó sàn jù lẹ́yìn odi kì í jẹ́ kí ọ̀jáfáfá pẹ́ nílé. Nínú ìdíje àwọn kíláàbù obìnrin Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ipò kẹta tí Bayelsa Queens gbà ní 2022 ni kíláàbù Nàìjíríà lè dé títí di 2024.