Ilé Páànù Tó Ṣáájú Ti Bàbá Mi

Kí bàbá mi tó kan páànù sórí ilé tirẹ̀ ní abà wa lẹ́yìn Ìdóànì, ilé àwọn lébìrà ló kọ́kọ́ kàn án sí. Àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó ń kẹ́ alágbàṣe bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Àáró la mọ̀ kí kòkó tó dé: oko tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ẹni tó bá fi iyán àná bọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí èrè rẹ̀ nígbà tó bá yá. Àfi ìgbà tí oko kòkó fẹ̀ kọjá agbára ẹgbẹ́, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ìgbìrà àti Àgàtú ṣe ọlọ́dún. Olóko á máa bọ́ wọn, owó wọn á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di Kérésìmesì. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kòkó kì í dúró de aáwọ̀. Bí òjò bá ti le, èso á máa dúdú lórí igi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta la fi ń fi oògùn aláwọ̀ aró fín in. Olóko kan nítòsí wa há owó ọdún tó kọjá mọ́wọ́. Àwọn lébìrà rẹ̀ kó àdá wọn lóru kan ní oṣù Kẹjọ. Igi ló kù fún un, èso ti rà.

Ọmọ Ọ̀rà, tí kò jìnnà sí wa, ni Michael Imoudu tó léwájú ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní 1945, nígbà tí owó òṣìṣẹ́ kò ká ọ̀wọ́ngógó ìgbà ogun mọ́. Lébìrà oko kò ní ẹgbẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yanṣẹ́ lódì.

Bàbá mi ń san ìdajì owó láàárín ọdún, ó sì ń fún oníkálukú ní ilẹ̀ tí yóò gbin iṣu tirẹ̀ sí. Àwọn kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún, wọ́n sì ń mú àbúrò wọn dání. Ọwọ́ wọn ti mọ igi wa. Ẹni tuntun a máa fi àdá ṣá ojú tí kòkó ti ń so, ojú yẹn kò sì ní so mọ́.

Ohun kan ni kò mọ̀. Gammalin 20 la fi ń pa kòkòrò nígbà náà, aṣọ lásán ni wọ́n ń so mọ́ imú. Ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò láti lé lindane inú rẹ̀ kúrò lóko. Bàbá mi a máa fún wọn ní epo pupa mu lálẹ́, ó ní yóò fọ májèlé náà kúrò, bẹ́ẹ̀ epo kì í fọ̀ ọ́. Òun náà á mu tirẹ̀, nítorí òun náà gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀.