Máìlì ọkọ̀ òfúrufú àti ìrìn-àjò tọkọtaya tuntun: ta ló di àpò èsúsú mú?

Ní Agoua, ní Bantè àti ní Savalou, ìgbà yìí ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ níbi gbogbo. Iṣu ti wọ abà, òjò ti dáwọ́ dúró, ọ̀nà ti gbẹ, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ń gba ìsinmi wá sílé. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ti wọ inú ètò ìgbéyàwó tí a kò gbọ́ rí nígbà tí àwa wà ní ọmọdé. Ọkọ àti ìyàwó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní ìlú òyìnbó, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí yìnyín, wọn kò sì fẹ́ fi owó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n kan ní Paris tàbí ní Brussels ti sọ fún wọn pé òun ní máìlì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, pé òun ni òun á fi gbé wọn.

A kò sọ pé ohun búburú ni. Ṣùgbọ́n máìlì yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì kan àpò wa. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ìyàwó ló ń rìn

Láyé àwọn ìyá wa, ìyàwó ló ń rìn, ọkọ kì í rìn. Ìyàwó á sun ẹkún ìyàwó, á gba ìre lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sìn ín lọ sílé ọkọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú un kiri láti kí àwọn ará ilé ọkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rò pé ti òyìnbó yàtọ̀ pátápátá, kó wo ìtàn wọn dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọlọ́rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó a máa rìnrìn-àjò lọ kí àwọn ẹbí tí kò lè wá síbi ìgbéyàwó. Nígbà mìíràn, ọ̀rẹ́ àti ìbátan a máa bá wọn lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin pọ̀ ni ìrìn-àjò náà wá di ìgbádùn ẹni méjì péré. Ohun tí àwa tó kàwé ní èdè Faransé ń pè ní lune de miel, ìkíni ẹbí wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Dàhòmè gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Nígbà náà, àwọn orílẹ̀-èdè tuntun tó wà lábẹ́ Faransé tẹ́lẹ̀ rí i pé kò rọrùn kí ẹnì kan dá ọkọ̀ òfúrufú ńlá ní. Wọ́n bá kó owó jọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1961, ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè 11 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bí Air Afrique. Dàhòmè wa wà nínú wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú ìpín 6 nínú 100, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 66. Ìpín 34 tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Faransé. Tógò wọlé ní ọdún 1968. Olú ilé-iṣẹ́ wà ní Abidjan, orí ẹtu sì ni àmì wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ lọ kàwé ní Faransé, ọkọ̀ yìí ni wọ́n wọ̀ ní Cadjehoun, ní Kútọnu. Àwọn èèyàn fi yangàn, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n gbèsè ń gùn. Àwọn ìjọba tó ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn a máa gba tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn láìtètè san owó. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n já owó FCFA sí méjì. Franc Faransé kan tí à ń fi FCFA 50 rà di FCFA 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní FCFA, tó sì jẹ gbèsè ọkọ̀ ní owó dọ́là, gbèsè rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní òru ọjọ́ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, Air Afrique kú. Nigeria Airways, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, tẹ̀ lé e ní ọdún 2003.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lè kú, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó.

Ibi tí máìlì ti wá

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó gba àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú láyè láti dá iye owó wọn lé fúnra wọn. Ìdíje bá bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á wọ ọkọ̀ tèmi lónìí, á wọ ti ẹlòmíràn lọ́la nítorí owó kékeré. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1981, American Airlines gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní AAdvantage: bí o bá ṣe rìn jìnnà tó nínú ọkọ̀ wọn ni wọ́n á máa ka máìlì fún ọ, bó bá pọ̀ tó, wàá fi gba ìjókòó ọ̀fẹ́. United tẹ̀ lé wọn nínú oṣù kan náà.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ yé àwọn ìyá wa tó ń ta oúnjẹ. Ìjókòó tó ṣófo nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra dà bí ẹ̀kọ tó kan lọ́jà, kò ṣe é tà mọ́ lọ́la. Nítorí náà, fífi ìjókòó tí ì bá ṣófo ta oníbàárà lọ́rẹ kò ná ilé-iṣẹ́ ní nǹkan púpọ̀, ó sì ń so oníbàárà náà mọ́lẹ̀. Ètò náà sọdá òkun. Air France ní Fréquence Plus ní ọdún 1992. Nígbà tí Air France àti KLM di ọ̀kan, Flying Blue gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2005. Ethiopian náà ní tirẹ̀, ShebaMiles, ó sì wọ ẹgbẹ́ Star Alliance ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ní Lomé nítòsí wa, ASKY, tí Ethiopian wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní oṣù kìíní ọdún 2010.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta máìlì fún báńkì, báńkì sì ń fi ta àwọn tó ń ná owó pẹ̀lú káàdì wọn lọ́rẹ. Máìlì di owó tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dá ọkọ̀ dúró ní ọdún 2020, United fi ètò máìlì rẹ̀ dógò, ó yá owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 7 dọ́là. American ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021, ó rí bílíọ̀nù 10 dọ́là. Ẹ ronú sí i: ohun tí oníbàárà ń pè ní máìlì mi, ilé-iṣẹ́ lè fi ṣe ìwọ̀fà láìbi í.

Èsúsú kọ́ ni

Àwọn kan nílé máa ń sọ pé èsúsú òyìnbó ni. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Díẹ̀díẹ̀ là ń dá a, ọjọ́ kan là ń kó o. Èsúsú wa ti pẹ́. Samuel Johnson ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n ẹ fi wéra. Nínú èsúsú, gbogbo wa mọ iye tí à ń dá, a mọ ẹni tó kàn, olórí kò sì lè dá nìkan sọ lọ́la pé FCFA 10 000 tí o dá ti di FCFA 5 000. Bí ó bá jẹ́ alájọ tó ń gba owó lójoojúmọ́ ni, a mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni èrè tirẹ̀. Nínú ti máìlì, ilé-iṣẹ́ nìkan ló di àpò mú, òun ló ń ka owó, òun ló sì ń sọ iye tí owó náà tó. Bó bá kú, àpò lè bá a lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ansett wó ní Australia, àwọn tó ti kó máìlì jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pàdánù wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Láti Kútọnu dé Paris jẹ́ nǹkan bíi 4 700 kìlómítà, ìyẹn máìlì 2 900 àti díẹ̀. Ní ìlànà àtijọ́, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba iye kíkún á rí bíi 5 800 ní àlọ àti àbọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018, Flying Blue kò ka ọ̀nà mọ́, owó tí a ná ló ń kà: máìlì 4 lórí euro kan fún ẹni tí kò tíì gba ipò kankan. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì, láìka owó orí, bá jẹ́ 400 euro, ìyẹn bíi FCFA 262 400, máìlì 1 600 ni yóò rí. Ká ní ilé-iṣẹ́ bèèrè 50 000 lọ́wọ́ ẹnì kan fún àlọ àti àbọ̀, ọkọ àti ìyàwó á nílò 100 000. Ẹ pín in sí 1 600: ẹ̀gbọ́n yẹn ní láti ti lọ, kó sì bọ̀, nígbà 63 kó tó lè gbé ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá ní káàdì báńkì tó ń fún un ní máìlì, tàbí iṣẹ́ tó ń gbé e kiri, ìlérí rẹ̀ á pẹ́ kó tó ṣẹ. Bí ó bá sì lo ọdún méjì láìwọ ọkọ̀ wọn, máìlì rẹ̀ lè gbó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn tí máìlì kò lè ṣí

Títí di ọdún 1986, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè dé Paris fún ìgbà díẹ̀ láìgba físà. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún ní Paris ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Faransé ní kí àwọn àjèjì, àfi àwọn ará Yúróòpù tó sún mọ́ ọn, máa gbà á. Schengen bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1995. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó ìwé náà jẹ́ 90 euro fún àgbàlagbà, ìyẹn bíi FCFA 59 000 lórí ẹnì kan, FCFA 118 000 fún ẹni méjì. Wọn kì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. A tún gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìlera tó lè san 30 000 euro. Máìlì kan kò san èyíkéyìí nínú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ pàápàá ní owó orí tí a ń san lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹ́ lọ, ẹ tẹ́tí. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín iye máìlì tó ní gan-an àti ọjọ́ tí yóò gbó. Ẹ bèèrè owó orí kí ẹ tó dúpẹ́. Ẹ má ṣe mú ọjọ́ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, nítorí ìgbà náà ni àwọn tó wá sílé fún ọdún ń padà lọ, ọkọ̀ tó ń lọ sókè sì máa ń kún. Ìparí oṣù kìíní àti oṣù kejì dára jù, òtútù sì ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí owó físà wà lọ́tọ̀ sí owó àríyá, kí ìkọ̀sílẹ̀ kan má bàa di ìjà ìdílé ní oṣù àkọ́kọ́.

Bí ọ̀nà òkè bá sì dí, ọ̀nà ìhín ṣí. Láti ìgbà àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, a lè lo 90 ọjọ́ ní Tógò tàbí ní Ghana láìgba físà. Kpalimé, lẹ́bàá òkè Agou tó ga tó mítà 986, tutù lóṣù ọyẹ́. Kò sí yìnyín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí wa wà lójú ọ̀nà, ní Atakpamé, ẹ lè yà kí wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àtijọ́ ti ń ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹni gbójú lógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ẹ gba máìlì ẹ̀gbọ́n yín bó bá dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èsúsú tí ẹ jọ ń dá ní Agoua ni kí ẹ fi ṣètò ìgbéyàwó yín. Kí Olúwa jẹ́ kí ilé tuntun náà tura.