Ìlàjẹ, Ìjọba Ìbílẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, létí Òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbọ́kọ̀dá ni olú-ìlú rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n yà á kúrò lára Ìlàjẹ/Ẹsẹ̀-Odò. Ètò ìkànìyàn 2006 bá ènìyàn 290,615 níbẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Lábúlé etí òkun, orí òpó ni ilé dúró lé, afárá pákó ni títì, ọkọ̀ ojú omi sì ni mọ́tò wọn. Ẹja pípa ni iṣẹ́ àjogúnbá. Àwọn obìnrin ló ń yan án, tí wọ́n ń kó o lọ sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá. Epo rọ̀bì náà wà níbẹ̀.

Alága àti àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í yọ ọba sílẹ̀: Olúgbò ti Ùgbò, Amapetu ti Máhìn, Maporure ti Àhẹ́rì. Àwọn ará Ùgbò ní àwọn gan-an ni Ìgbò tó ń kógun ja Ifẹ̀ nínú ìtàn Mọ́remí. Ifẹ̀ ní tirẹ̀ láti sọ.

Nínú àwọn ìlú Ìlàjẹ, Ayétòrò ló lókìkí jù. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n sì jùmọ̀ ní ohun gbogbo. Òkun ti gbé apá ńlá lára rẹ̀ lọ.