Lùkúlùkú ní Èkó: Ìdí Tí Àwọn Ará Ìlú Fi Sá fún Wọlé-wọlé ní 1918

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, pẹ̀lú èrò tí ara wọn kò yá, kò sì pẹ́ rárá tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza tí ń jà káàkiri àgbáyé nígbà náà fi wọ àárín ìlú. Lùkúlùkú ni ọ̀pọ̀ Yorùbá pè é. Nínú ìlú tí èrò rẹ̀ tó nǹkan bí 80,000, ó pa nǹkan bí 1,200.

Dókítà kankan kò mọ ohun tí ó ń fa àrùn náà, nítorí pé ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lára ènìyàn. Àṣẹ nìkan ni ìjọba amúnisìn ní lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, tí àwọn ará ìlú ń pè ní wọlé-wọlé nítorí pé ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń wọ̀, ń wá aláìsàn kiri, wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sínú yàrá, wọ́n sì ń gbé ẹni tí wọ́n bá rí lọ sí ilé ìwòsàn tí a yà sọ́tọ̀ fún àrùn tó ń ràn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn yàrá tóóró yí àgbàlá kan ṣoṣo ká, tí òbí, ọmọ àti ayálégbé ń na ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí bí ènìyàn ṣe lè yàgò fún aláìsàn, ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì wà lọ́jà kò lè jókòó sílé.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó mú kí àwọn ará ìlú kọ̀ fún wọlé-wọlé. Yorùbá ti mọ ìyàsọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́: láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ẹ́gbóná, ìyẹn àrùn òrìṣà Ṣọ̀pọ̀ná, bá wọ ìlú, wọn a máa ya ẹni tí ó mú sọ́tọ̀, bí ó bá sì kú, àwọn àwòrò ni ó ń sin ín sínú igbó, kì í ṣe sínú ilé bí wọ́n ti ń sin òkú yòókù. Ohun tí ó ṣàjèjì ní 1918 ni pé ẹni tí ẹbí kò mọ̀ rí ni ó wá gbé ọmọ wọn, ó sì gbé e lọ síbi tí ìyá rẹ̀ kò ti lè fún un ní ẹ̀kọ mu. Ìjọba kan náà sì ni ó ti fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, ọ̀ràn tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní 1908 àti 1916. Ta ni yóò fi aláìsàn rẹ̀ lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, wọ́n fi aláìsàn pamọ́, àwọn tí ó lágbára sì sá kúrò ní Èkó. Ojú irin, tí ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano láti 1912, ló gbé wọn, àrùn náà sì bá wọn wọ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó wà lókè. Ìbẹ̀rù tí àṣẹ náà dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó tan àrùn náà ká.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Odunlami, tí lùkúlùkú mú tí ó sì yè, ń kéde pé àdúrà àti omi òjò nìkan ni kí àwọn ènìyàn lò. Òun àti Joseph Shadare wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan lára orísun ìjọ Aládùúrà. Omi òjò kò pa fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbàdúrà pọ̀ kì í fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan, nígbà tí gbogbo agbo ilé bá sì dùbúlẹ̀, ẹni kan tí ó lè bu omi fún wọn mu kì í ṣe ohun kékeré.

Ní ti wọlé-wọlé, nígbà tí àrùn eku, èyí tí eégbọn ara eku ń kó ran ènìyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole wà lára àwọn tí ó gbógun tì í, òun kan náà ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní iṣẹ́ wọlé-wọlé, àwọn tí ó lè kọ́kọ́ kí ìyá ilé dáadáa ní èdè rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ìkòkò omi rẹ̀ wò.